Àánú Tí Kò Ní Ìwé

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin èrò ọkọ̀, àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ káńsù tí ẹ ń dúró sẹ́bàá títì nínú oòrùn, gbogbo yín káàkiri ilẹ̀ Rẹ́mọ ni ọ̀rọ̀ òní kàn. Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn ni, èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí òfin gba òṣìṣẹ́ káńsù láyè láti ṣàánú awakọ̀, ṣùgbọ́n kí àánú náà wà lákọsílẹ̀, nítorí àánú tí kò ní ìwé kì í pẹ́ di ọjà.

Ẹ wo Interchange Ṣàgámù. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ìjọba ṣí ní 1978, ti pàdé èyí tó gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Bìní. Èrò ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ láti wọ ọkọ̀ mìíràn, tírélà àti tánkà ń já bọ̀ láti òkèèrè, ọkọ̀ tó bá sì dúró gbagidi sórí kọ́nà lè kó ikú bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní kí wọ́n máa gba owó ìtanràn kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń dúró kò rí bákan náà. Ọ̀kan dúró láti já èrò gbà kí ó má baà wọ gáréèjì. Táyà èkejì ló bẹ́. Ẹ̀kẹta ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣàgámù, ó sì dúró kí wọ́n lè tọ́jú ẹni tó ń dákú lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ bá bu owó kan náà lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni àkọ́kọ́ á kọ́gbọ́n, nítorí òun ló yan ohun tó ṣe. Kí ni ẹni kejì máa rí kọ́? Owó ìtanràn kì í pààrọ̀ táyà. Bí wọ́n bá tún fi irin de ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ewu tí òfin fẹ́ lé kúrò lójú títì ni òfin fúnra rẹ̀ so mọ́lẹ̀ síbẹ̀.

Agbára káńsù kò ṣàìní ààlà. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ dá ibùdókọ̀ sílẹ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó sì máa mójú tó o. Iṣẹ́ pípèsè ló ṣáájú, àṣẹ ló tẹ̀ lé e. Òfin tó to owó orí àti owó òde lẹ́sẹẹsẹ ní 1998 fi owó ìtanràn ọkọ̀ sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dínà láti fi gba owó. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lẹ́bàá títì, ẹni tó mú awakọ̀ náà ló ń dá a lẹ́jọ́, òun náà ló sì ń gbowó. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham mọ̀ pé èèyàn lè kọ̀wé sí káńsù láti tako tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó sì gba ọ̀dọ̀ adájọ́ tí kì í ṣe ti káńsù lọ bí wọn kò bá gbọ́. Láti 2015, wọ́n ń fún ẹni tí àkókò tó sanwó fún ti tán ní ìṣẹ́jú 10 sí i. Ìlànà ìjọba wọn sì ní káńsù kò gbọdọ̀ dá iye owó tí tíkẹ́ẹ̀tì máa pa wọlé lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé àánú wọn ju tiwa lọ. Ẹni tí kò mọ ẹnì kankan ní káńsù lè rí i gbà, ìyẹn ni ìyàtọ̀.

Ẹnìkan á ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn àánú yìí, gbogbo awakọ̀ ni íńjìnnì wọn máa bàjẹ́ lójijì. Èsì mi ni pé ojú lè rí táyà tó bẹ́. Ó lè rí C-caution, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta, tí wọ́n gbé sẹ́yìn ọkọ̀. Ìwé ilé ìwòsàn ṣeé mú wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sílẹ̀: ẹni tó bá tún gbé irú àwáwí bẹ́ẹ̀ wá, kí ó san gbogbo owó ìtanràn náà. Ẹlòmíràn á ní káńsù nílò owó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Káńsù tó bá gbójú lé ẹ̀ṣẹ̀ aráàlú fún owó oṣù kò ní fẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ tán. Àtakò tó wúwo jù ni pé bí òṣìṣẹ́ bá lè dárí jini, rìbá ni yóò máa gbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin líle kò pa rìbá. Ṣe ló ń gbówó lé e. Bí owó ìtanràn bá pọ̀, tí kò sì sí ọ̀nà àbáyọ, ohun tí awakọ̀ ṣe tán láti yọ lábẹ́lẹ̀ á pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ìdáríjì fi gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tirẹ̀ bí ìtanràn ṣe ní: nọ́ńbà òṣìṣẹ́, aago, àti ìdí tó fi yọ̀ǹda. Ọ̀gá tó bá ka ìwé náà níparí oṣù á mọ ẹni tó ń ta àánú.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbé C-caution sínú ọkọ̀, ẹ yà kúrò lójú títì pátápátá, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó sọ bóyá káńsù, TRACE ti ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí FRSC ti ìjọba àpapọ̀ ló gbowó yín. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó fi irin de táyà. Ẹ̀yin aráàlú Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́, ẹ bi kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù yín pé níbo ni ìwé tó sọ ẹni tí a lè dárí jì wà. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́, ní Yorùbá, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gáréèjì.