Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Di Ẹ̀bi Ẹ̀rọ Ru Òṣìṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ẹ ti gbọ́ pé wọ́n fún akọ̀wé wa kan nídìí tíkẹ́ẹ̀tì ní kúẹ́rì pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Mo lọ jókòó tì í. Láàárọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yá kánkán. Nígbà tó fi dọ̀sán, bó bá tẹ bọ́tìnnì, a ó kà dé ẹ̀wá kí ojú ẹ̀rọ tó yí padà. Ó pa ètò náà, ó tún un ṣí, ara rẹ̀ tún yá. Ṣé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló wúwo níbẹ̀?

Ètò orí kọ̀ǹpútà a máa yá àyè ìrántí lò, bí a ti ń yá irinṣẹ́ ní sítọ̀. Bí a bá pa fèrèsé tí a ṣí, ó yẹ kó dá àyè náà padà. Bí kò bá dá a padà, àyè ń jò lọ nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1992, wọ́n gbé iṣẹ́ rírán ọkọ̀ aláìsàn lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá, lẹ́yìn aago méjì òru, ó falẹ̀, ó sì dákú. Ìwádìí fi hàn pé ẹni tó tún ètò náà ṣe ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ló gbàgbé ìlà díẹ̀ sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rán ọkọ̀ kan jáde, àyè díẹ̀ lọ, kò padà. Ẹ̀rọ kejì tó yẹ kó gba iṣẹ́ kò gbà á. Ìwé ni àwọn òṣìṣẹ́ padà fi bá iṣẹ́ lọ.

Báwo la ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ ṣí Task Manager, ẹ kọ iye àyè tí ètò náà ń lò sílẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé kan, ẹ pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ tún kọ ọ́. Ẹ ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá mìíràn. Bó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, kò burú, ètò a máa fi nǹkan pamọ́ de ìgbà mìíràn. Bó bá ń gòkè ṣáá tí kò dúró, ó ń jò.

Èmi àti akọ̀wé wa ṣe é lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ní gbogbo ìgbà ló gòkè. Ìwé náà ti wà níwájú ọ̀gá. Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí wọ́n gba kúẹ́rì wọn padà, kí wọ́n sì pe ẹni tó ṣe ètò náà wá tún un ṣe.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń falẹ̀, kó kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kó mú un tọ̀ mí wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó ẹ̀rí lọ́dọ̀ ọ̀gá.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.