Ẹni tí Búrẹ́dì Jẹ́ Èèwọ̀ fún

 Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ máa kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan nínú ilé yín kò bá tíì mọ̀ ọ́n kà, ẹ kà á sí i létí.

Gbogbo wa ni a mọ èèwọ̀. Ìdílé kan wà tí kì í jẹ irú ẹran kan. Ìdílé mìíràn kì í jẹ irú ẹja kan. Ẹni tó ní èèwọ̀ kì í sọ pé, « Ẹ jẹ́ kí n jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. » Ó mọ̀ pé èèwọ̀ kò ní kékeré.

Àìsàn kan wà tó ń sọ búrẹ́dì di èèwọ̀ fún ènìyàn. Àwọn dókítà ń pè é ní séliákì. Kì í ṣe òrìṣà ló fi èèwọ̀ yìí lélẹ̀. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe èpè. Ara ẹni náà fúnra rẹ̀ ni kò gba búrẹ́dì. Kì í sì í ran ẹlòmíràn.

Kí ló wà nínú búrẹ́dì?

Ìyẹ̀fun àlìkámà ni a fi ń ṣe búrẹ́dì. Àwọn Faransé ń pe àlìkámà ní blé. Àwa kì í gbìn ín ní oko wa níhìn-ín. Ọkọ̀ òkun ló ń gbé e wá sí Cotonou. Ohun kan wà nínú àlìkámà tó ń jẹ́ glútẹ̀nì. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò máa fà bí rọ́bà, kí búrẹ́dì sì lè wú. Ó tún wà nínú ọkà tí Faransé ń pè ní orge, èyí tí a fi ń ṣe bíà, àti nínú èyí tí wọ́n ń pè ní seigle.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, glútẹ̀nì kò ṣe nǹkan kan. Kí ẹni tí ara rẹ̀ le má tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sá fún búrẹ́dì. Ẹni tó ní séliákì ni ó ń bá jà.

Ṣé ẹ ti fọwọ́ kan aṣọ àrán rí? Irun kéékèèké ló bo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni inú ìfun wa rí. Àwọn irun yẹn ló ń gba agbára oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Bí glútẹ̀nì bá wọ inú ẹni tó ní séliákì, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń gbèjà ara á rò pé ọ̀tá dé. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìjà, ìfun gan-an ni wọ́n á sì máa bà jẹ́. Irun àrán náà á gbó, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Oúnjẹ á máa kọjá lọ, ara kò ní rí i lò. Ẹni náà á máa jẹun, síbẹ̀ á máa rù.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Inú ọmọ á máa wú. Ìgbẹ́ gbuuru á máa ṣe é fún ọjọ́ pípẹ́. Kò ní ga bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àgbàlagbà lè máà ní ìgbẹ́ gbuuru rárá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó, á sì máa rẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o. Kì í ṣe gbogbo ìgbẹ́ gbuuru ni séliákì. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, omi tí kò mọ́ àti aràn inú ló sábà máa ń fà á. Séliákì kò wọ́pọ̀ láàárín wa. Ní gbogbo ayé, ó tó ẹnì kan nínú 100 tó ní i. Àtìran ni: bí ó bá wà lára ẹnì kan nínú ilé, ó lè wà lára ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà lè rán an lọ sí ìlú ńlá láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfun rẹ̀ wò. Kí ẹ má sì gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ti fi í sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò náà lè máà rí àìsàn náà mọ́.

Báwo ni ayé ṣe mọ̀ pé àlìkámà ni?

Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, dókítà àwọn ọmọdé kan wà tó ń jẹ́ Willem Dicke. Ó ti ń fura sí búrẹ́dì tipẹ́. Ogun ńlá wà ní Yúróòpù nígbà náà. Ní ìgbà òtútù ọdún 1944 sí 1945, ìyàn mú ní Họ́láńdì, búrẹ́dì sì wọ́n bí ojú. Ebi ń pa gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n dókítà yìí rí i pé àwọn ọmọ tí ìfun wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu tẹ́lẹ̀ kò burú sí i. Ara wọn tilẹ̀ ń yá. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ní ọdún 1950, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àlìkámà ló ń ṣe wọ́n.

Kì í sì í ṣe àìsàn òyìnbó nìkan. Àwọn ará Sàhárà kan wà tó ń gbé ní àgọ́ nínú aṣálẹ̀ Àlùjíríà nítorí ogun. Búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ jù. Ní ọdún 1999, àwọn dókítà tẹ̀ ẹ́ jáde pé nínú 100 ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀, ó lé ní 5 tó ní séliákì.

Kò sí oògùn rẹ̀

Títí di òní, kò sí abẹ́rẹ́ tàbí egbòogi tó ń wo séliákì sàn. Oúnjẹ nìkan ni ìwòsàn rẹ̀. Bí glútẹ̀nì bá kúrò pátápátá, irun àrán inú ìfun á tún hù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Kí ìfun tó sàn tán lè gba oṣù púpọ̀. Ti àgbà lè ju ọdún kan lọ. Ṣùgbọ́n títí ọjọ́ ayé ẹni náà ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọbìnrin kan ní Bantè ṣe àpẹẹrẹ. Ó fi búrẹ́dì sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ó ń sáré kiri. Ìyá àgbà rẹ̀ ti Savalou dé, ó mú búrẹ́dì lọ́wọ́ wá. Ìyá àgbà wí pé: « Ṣebí ara rẹ̀ ti yá? Díẹ̀ kò lè pa ọmọ. »

Ìfẹ́ ni ìyá àgbà fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Èérún díẹ̀ tí ìka méjì lè mú, bí ó bá ń wọlé lójoojúmọ́, ó tó láti ba ìfun jẹ́. Nígbà mìíràn, inú kò tilẹ̀ ní run ọmọ náà. Gbogbo ènìyàn á rò pé kò sí ewu, ìfun á sì máa gbó lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dínkù, egungun kò ní lágbára mọ́. Ó lè di jẹjẹrẹ ìfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ṣọ̀wọ́n.

Ẹ kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe kọ̀ ọ́ láìṣe àfojúdi. Kí ó kúnlẹ̀, kí ó wí pé: « Ìyá àgbà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fi kún un. Èèwọ̀ ara mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní iṣu. » Kí bàbá àti ìyá sì gbè é lẹ́yìn. Kò yẹ kí a fi ọmọ nìkan sílẹ̀ láti máa bá àgbà jiyàn.

Oko wa kún fún oúnjẹ rere

Ẹni tó ní àìsàn yìí ní ilẹ̀ wa kò ní kú sínú ebi. Iṣu kò ní glútẹ̀nì, bẹ́ẹ̀ ni iṣu tuntun tí Savalou fi ń ṣe ọdún ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ. Gàrí kò ní in. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀kọ, ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀pà, kajú, ẹyin, ẹran, ẹja, wàrà àwọn Fúlàní, epo àti ẹ̀fọ́, kò sí èyí tó ní in.

Orúkọ náà, ọkà, má jẹ́ kó tàn yín jẹ. Ọkà bàbà tiwa kò ní glútẹ̀nì. Ọkà àlìkámà ló ní in.

Àwọn tí kò gbọ́dọ̀ jẹ nìyí: búrẹ́dì, bísíkíìtì, gàtó, makaróní, kúskús, àti yovo doko tí a ń dín lọ́jà. Kí ó má mu bíà tí a fi orge ṣe.

Ìwé kíkà yín ni ẹ̀ṣọ́

Níbi tí ẹ̀kọ́ yín ti wúlò nìyí. Ohun tó wà nínú páálí àti agolo, ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ Faransé wọ̀nyí:

BLÉ. ORGE. SEIGLE. MALT. GLUTEN.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ gbé e padà sórí tábìlì ọlọ́jà. Ẹ wo ara páálí ohun tí a fi ń dun ọbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àlìkámà wà nínú òmíràn. Bí ẹ bá rí SANS GLUTEN, ó ń sọ pé kò sí glútẹ̀nì níbẹ̀. Bí wọn kò bá kọ nǹkan kan sí i, ẹ fi í sílẹ̀.

Nínú ilé ìdáná

Glútẹ̀nì kì í ṣe kòkòrò. Iná kò lè pa á. Bí a bá dín yovo doko nínú epo kan, kí a má dín àkàrà ẹni náà nínú epo yẹn. Ẹ fọ ìkòkò àti ṣíbí dáadáa. Ẹ bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí a tó fọwọ́ búrẹ́dì kan ọbẹ̀. Bí ọlọ́lọ bá ń lọ àlìkámà, ẹ má gbé àgbàdo tirẹ̀ lọ síbẹ̀.

Bí ó bá ń lọ síbi ìkómọ tàbí òkú, kí ó jẹun kí ó tó kúrò nílé. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, kí ó sọ fún àlùfáà, nítorí àlìkámà ni a fi ń ṣe búrẹ́dì mímọ́. Ìjọ gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba wáìnì nìkan.

Ẹ̀yin ará wa, fífún ènìyàn ní oúnjẹ jẹ́ ohun rere. Ṣùgbọ́n ẹni tí búrẹ́dì jẹ́ èèwọ̀ fún, tí a bá fi búrẹ́dì dù ú, ire ni a ṣe é. Kí a fi iyán rọ́pò rẹ̀, kí ó jẹ, kí ó yó.

Iṣẹ́ ilé nìyí: ẹ mú páálí kan tó wà nínú ilé yín, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ náà, BLÉ, lára rẹ̀. Kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún ẹgbẹ́ yín ní ọjọ́ ìpàdé.