Ibùdó Ogun àti Ibi Ìsádi

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí bóyá ó tọ́ kí á máa fi bárékè ṣe ibi ìsádi nígbà tí iná, omíyalé tàbí ìjàǹbá mìíràn bá lé ènìyàn kúrò nílé. Ìdí tí mo fi dá sí i ni pé ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè àti ìtàn wa kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìjọba.

Ibi tí ọmọ ogun pàgọ́ sí ni à ń pè ní ibùdó; ibi tí ènìyàn tẹ̀dó sí, ibùdó náà ni. Ìbàdàn ni ẹ̀rí. Ní nǹkan bí 1829, lẹ́yìn ìgbà tí ogun ti fọ́ Òwu, àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ dó síbẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn fi ń wọ́ lọ bá wọn, nítorí wọ́n gbà pé ibi tí idà wà ni ààbò wà. Ṣùgbọ́n kí á má fi ìdajì ìtàn tan ara wa jẹ: ibùdó yìí kan náà ni a kó ẹrú wọ̀. Ohun tí ó jẹ́ ìsádi fún ẹnì kan jẹ́ ìdè fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ni ó ni àṣẹ ẹnu-ọ̀nà? Ní 1980, nígbà tí nǹkan bí 125,000 ará Kúbà gba èbúté Mariel lọ sí Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú wọn sí Fort Chaffee, ọgbà ológun kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Wọ́n rí òrùlé, wọ́n rí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde, rògbòdìyàn sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ní 2005, a tún ṣí ọgbà yìí fún àwọn tí ìjì Katrina lé jáde. Ti àwọn yẹn yàtọ̀: púpọ̀ nínú wọn kò pẹ́ níbẹ̀ tí a fi rí ibòmíràn fún wọn.

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ni a kó pamọ́ sínú ọgbà náà? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìn-ín-ní, 2002, ilé ìkó-ohun-ìjà-sí bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, ní Èkó. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kú. Kì í ṣe bọ́ǹbù ni ó pa púpọ̀ nínú wọn. Òkùnkùn ti ṣú, ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí ó yẹ kí a sá sí, ọ̀pọ̀ sì sá kó sínú kánáàlì Òkè-Àfà, tí ewéko bo ojú omi rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ni omi náà gbé lọ. Ibi tí ó yẹ kí ó ṣọ́ wa ni ó lé wa jáde, kò sì sí ibi ìsádi kan tí a ti fi hàn wá tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí á ti ìlẹ̀kùn bárékè. Ilẹ̀ gbalasa, ilé ìwòsàn, ọkọ̀ ńlá, omi àti ènìyàn tí ó mọ ètò wà níbẹ̀. Ta ni yóò ní irú èyí tí yóò jẹ́ kí ó ṣòfò? Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí á kọ́kọ́ kó ohun ìjà jìnnà sí ibi tí ènìyàn yóò sùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí àṣẹ lórí àwọn tí ó sádi wà lọ́wọ́ NEMA, àjọ tí òfin fi lélẹ̀ ní 1999 fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Kí ṣọ́jà máa ṣọ́ wọn, kí ó má ṣe ọ̀gá wọn. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kí á fi ọ̀nà ibẹ̀ han ará àdúgbò kí wàhálà tó dé. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Àwọn tí omi Òkè-Àfà gbé lọ kì í ṣe òmùgọ̀. A kò sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ni.