Òkèèrè La Ti Ń Wò Ó: Àwa Òbí àti Fóònù Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde)

  Níwọ̀n ìgbà tí mo jẹ́ oníròyìn, ẹ lè máa retí pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni n ó sọ. Rárá o, ẹ ó gbọ́ ìyẹn lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo mú wá: ọ̀rọ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín, àti àwa òbí tí a fẹ́ máa ti òkèèrè ṣọ́ ọ.

Ẹ wo ara yín yí ká. Èkó ni àwọn kan ti wá lánàá, àwọn mìíràn Àbújá, àwọn kan sì ti òkè òkun wá. Ọmọ ń bẹ lọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ìkẹ́rẹ́, tàbí lọ́dọ̀ àbúrò ní Ìsẹ̀. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, ohun àgbà ni fóònù, a kàn fi ń pe ara wa ni. Lónìí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń gbé gbogbo ayé kiri nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ̀rù sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ní Èmùré wa níbí, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé dúró, wọ́n kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn lọ, ó di oṣù kejì kí wọ́n tó gba ìtúsílẹ̀. Lẹ́yìn irú èyí, ta ni yóò bá òbí wí pé ó fẹ́ mọ ibi tí ọmọ òun wà? Àwọn àgbà ṣáà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ṣùgbọ́n wíwò yàtọ̀ sí wíwò. Oríṣi méjì ni ohun èlò tí òbí fi ń ṣọ́ fóònù ọmọ, ẹ jẹ́ ká má dà wọ́n pọ̀.

Èkíní ni èyí tí ọmọ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, Google gbé Family Link jáde ní ọdún 2017. Ẹ lè wà ní Èkó kí ẹ rí ibi tí fóònù wà ní Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ rí iye wákàtí tí ọmọ lò lórí áàpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ti fóònù náà pa tí ilẹ̀ bá ṣú. Ṣùgbọ́n kì í ka ohun tí ọmọ ń bá ènìyàn sọ lórí WhatsApp fún yín. Ọmọ náà sì ń rí i lórí fóònù rẹ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun.

Èkejì ni ti amí. Ẹ ó gbé e sínú fóònù láìjẹ́ kí ọmọ mọ̀, yóò máa da ọ̀rọ̀ àti àwòrán ọmọ náà sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan tí ẹ kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni mSpy. Ní ọdún 2015, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní 2024, àwọn olè wọ ibi ìpamọ́ wọn, àṣírí sì tú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2021, àjọ FTC ti ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ilé-iṣẹ́ SpyFone má ṣe irú òwò yìí mọ́ rárá. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ń sá fún olè lè tipa bẹ́ẹ̀ kó ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ sílé olè.

Òfin pàápàá ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala kẹjọ, sọ pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀, títí kan lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Abala yẹn kan náà sọ pé èyí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí láti bójú tó ọmọ rẹ̀ níwọ̀nba tó tọ́. Níwọ̀nba tó tọ́ o! Gbólóhùn yẹn ni kí ẹ mú délé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ gbé bọ́dìn, ṣebí ẹ mọ èyí tẹ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ilé-ìwé láyé ìgbà yẹn, tísà ní í kọ́kọ́ ṣí lẹ́tà kó tó kan akẹ́kọ̀ọ́. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe? Wọ́n fi lẹ́tà rán àwọn tó ń ti ilé wá! Ọ̀nà kan kò wọjà. Ọmọ ìsinsìnyí náà, tó bá já amí yín, yóò ra sím kejì, yóò ṣí àkáǹtì mìíràn, yóò yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Èyí tó dára lẹ ó máa rí, èyí tó burú yóò ti kó lọ síbòmíràn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú fóònù, kèrèǹgbè ni, ọwọ́ àgbà kò wọ̀ ọ́.

Ohun tó mú mi sọ gbogbo èyí nìyí, ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ní ìlú Marquette ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin ọdún 17 kan, Jordan DeMay, wà nínú yàrá rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ lóru. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọbìnrin bá a sọ̀rọ̀ lórí Instagram, ó tan án títí ó fi fi àwòrán ìhòòhò rẹ̀ ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kó sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn yóò fi í han ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó san díẹ̀, wọ́n tún béèrè sí i. Kò tó wákàtí mẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ náà ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Àwọn wo ló ṣe é? Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò láti Èkó, Samuel àti Samson Ogoshi. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n jẹ́bi, adájọ́ sì fi wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, áàpù tó ń sọ ibi tí ọmọ wà ì bá sọ lóru náà pé ọmọ wà nílé, ó ń sùn. Ohun tó lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ là ni pé kó lè kan ilẹ̀kùn àgbà ní aago méjì òru, kó ní, "Bàbá, mo ti wọ gàù," láìbẹ̀rù. Ọmọ tó ti já a pé ẹ ń ṣe amí òun kì í kan ilẹ̀kùn yẹn. Èkejì, a máa ń béèrè pé, ta ló fẹ́ tan ọmọ mi jẹ? Ẹ máa béèrè pẹ̀lú pé, ta ni ọmọ mi ń tàn jẹ? Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n yẹn, ọmọ ènìyàn kan ni wọ́n. Bí ọmọ tí kò níṣẹ́ bá ń ra fóònù olówó ńlá, tó sì ń fi òru ṣe ọ̀sán, ẹ má kàn máa dúpẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ jọ jókòó ti fóònù náà kí ẹ tó fún ọmọ, kí ẹ sì jọ gbé ohun ìṣọ́ sí i lójú rẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ ó máa wò àti ohun tí ẹ kò ní wò. Ẹ jẹ́ kí fóònù sùn ní pálọ̀ lálẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá àgbà, torí òru ni ọ̀tá ń ṣọ́. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà, tó sì ń hùwà ọmọlúwàbí, ẹ máa dẹ okùn díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ń fi àwòrán halẹ̀ mọ́ ọn, kó má sanwó, kó má pa ọ̀rọ̀ tó wà nínú fóònù rẹ́, kó wá bá yín, kí ẹ sì jọ gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ẹ ṣèlérí fún un láti òní pé lóru ọjọ́ yẹn, ẹ kò ní nà án, ẹ kò sì ní bú u. Bí ẹ bá máa wí, ẹ wí lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ wa, nígbà tí a bá tún lọ kí àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé wa báyìí, ẹ jẹ́ ká má fi ìwé àti àga nìkan tọrẹ. Ẹ jẹ́ ká bá wọn sọ ìtàn ọmọ Michigan yìí, àti ti àwọn ará Èkó tó wà lẹ́wọ̀n. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Olúwa yóò dá àwọn ọmọ wa sí fún wa.