Joystick Yín Kò Tíì Kú

Bí joystick yín bá kọ̀ láti lọ sósì, ẹ má sáré ra tuntun. Ẹ yọ okùn USB, kí ẹ tú ìdí rẹ̀. Sanwa JLF ní wáyà márùn-ún: mẹ́rin fún òkè, ìsàlẹ̀, òsì àti ọ̀tún, ìkarùn-ún ni gíráùndì tí gbogbo wọn jọ ń lò. Bí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá kú, gíráùndì ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá jẹ́ òsì nìkan, ẹ fi wáyà ọ̀tún sójú òsì lórí bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti ọ̀pá sọ́tùn-ún, tí géèmù lọ sósì, ara bọ́ọ̀dù le. Súwíìṣì tàbí wáyà ló ń ṣàìsàn. Bí bọ́ọ̀dù ló kú, Raspberry Pi Pico tó ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ GP2040-CE lè rọ́pò rẹ̀.