Omi Ọ̀sà àti Owó Ẹgbẹ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ní Ṣómólú)



Ẹ ti gbọ́ àbá àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi, kí wọn lè máa fi omi ọ̀sà Bàrígà dáko ní ẹ̀ẹ̀rùn. Àbá náà nídìí. Ní ìgbà òjò, omi odò a máa lé iyọ̀ jáde kúrò nínú ọ̀sà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí a nílò omi jù lọ, iyọ̀ òkun a tún padà wọlé. Ṣùgbọ́n owó tí àwọn ìyá wa ń dá lóṣooṣù ni a fẹ́ ná. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

Àgbàdo hẹ́kítà 1 a máa mu omi bíi lítà 5,000,000 kí ó tó gbó. Ẹ̀rọ náà a máa fi agbára ti omi òkun gba inú asẹ́ tín-ín-rín kọjá, lítà 1,000 a sì máa jẹ iná mànàmáná bíi yúníìtì 3. Yúníìtì 15,000 nìyẹn! Ní Sorek, ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti bẹ̀rẹ̀ ní 2013, lítà 1,000 tó nǹkan bí ìdajì dọ́là. Ní iye yẹn, omi hẹ́kítà kan jẹ́ dọ́là 2,500. Àgbàdo tọ́ọ̀nù 5 kò lè san án. Iyọ̀ ọ̀sà kò tó ti òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ kékeré kì í rọjú bí ti ńlá. Àwọn àgbẹ̀ Almería ní ilẹ̀ Sípéènì ń lo irú omi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tòmátì àti ata tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ń gbìn. Bí a bá sì da omi oníyọ̀ líle tí ó ṣẹ́kù padà sí etí ọ̀sà, àwọn apẹja Bàrígà ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Òjò Èkó tó nǹkan bíi mìlímítà 1,500 lọ́dún. Òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, ń gba lítà 150,000. Bí a bá tọ́jú ìdá kan nínú mẹ́ta péré sínú táńkì, yóò tó bomi rin ọgbà ẹ̀fọ́ tí ó fẹ̀ tó òrùlé náà fún 100 ọjọ́, bí a bá ń lo lítà 500 lójúmọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a kọ́kọ́ kọ́ táńkì fún àwọn ọ̀dọ́ wa, kí tẹ̀tẹ̀ àti ewédú wọn má baà gbẹ. Nígbà tí iná bá rọjú, kí a tún ìṣirò ṣe. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.