Ìdáná tí a ń ṣe ní Jos: ta ló ń jẹ́rìí sí i?

Alága ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìgbéyàwó, torí pé Disẹ́ńbà ń bọ̀, ìwé ìpè sì ti pọ̀ lórí gúrúùpù yìí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí o. Aṣọ ẹbí ti ní àwọn tó ń jà fún un. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ni tèmi.

Kí ló ń sọ obìnrin di ìyàwó nínú àṣà wa? Kì í ṣe kéèkì, kì í ṣe owó tí wọ́n ná mọ́ ọn níwájú orí. Tọkọtìyàwó àti òbí wọn gbà, wọ́n ṣe ìdáná, wọ́n sì fa ìyàwó lé ilé ọkọ lọ́wọ́. Ìyẹn ni. Ẹ wo orúkọ àwọn owó tí à ń san níbi ìdáná dáadáa. Owó bàbá gbọ́. Owó ìyá gbọ́. Owó àwọn ìyàwó ilé, owó ọmọ ilé. Kò sí èyí tó lè sọ ẹnikẹ́ni dolówó nínú wọn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, bàbá á ní òun gbọ́, ìyá á ní òun gbọ́, àwọn ìyàwó ilé tó pín owó tiwọn á ní ojú àwọn ló ṣe. Owó orí gan-an, ọ̀pọ̀ ilé ló ń dá a padà, wọ́n á ní àwọn ò ta ọmọ. Obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, iṣu, gbogbo agboolé ló ń jẹ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ nínú ẹ̀ ti di ẹlẹ́rìí nìyẹn.

Ó dáa. Nílé, agboolé kì í ṣí lọ. Àwa tá a wà níbí ńkọ́? Iṣẹ́ kùsà àti rélùwéè ló mú ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé Jos. Ọdún 1914 ni rélùwéè wọ ibí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà, ará Ìlọrin, wọ́n gbé ìjọ wọn, mọ́sálásí wọn àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn dání wá. Ní ayé ìgbà yẹn, tí ọmọ bá fẹ́ gbéyàwó, wọ́n á wọkọ̀ lọ sílé. Ní báyìí owó ọkọ̀ ti gọbọi, ọ̀nà ń bani lẹ́rù, à ń ṣe gbogbo ẹ̀ síbí. Bí àwọn òbí ò bá lè wá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú á fi àgbà kan jókòó bíi bàbá. Èmi náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọkọ ìyàwó dọ̀bálẹ̀, mo gbàdúrà, mo jẹ iyán. Kò burú. Àmọ́ nínú ará ilé ọkọ tó wà nílé, ta ló mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀?

Ẹlẹ́rìí Jos sì ń túká. Ẹ rántí wàhálà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2001. Àwọn tá a jọ ń gbé kọ́ḿpáùǹdì kan náà, òmíràn lọ Àbújá, òmíràn padà sílé, òmíràn kú. Ní 2002, ọjà ńlá wa ní Terminus jóná. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Gánà ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tí òbí wọn ti Gánà bọ̀ nínú wa mọ ohun tí mò ń wí.

Obìnrin kan wà tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún lòun àti ọkọ ẹ̀ fi jọ tajà ní ọ̀nà Bauchi, wọ́n bímọ mẹ́ta. Ọkọ kú. Àwọn àbúrò ọkọ wá láti ilé, wọ́n ní, "A mọ àwọn ọmọ, a ò mọ ìyá wọn." Àgbà tó jókòó bíi bàbá lọ́jọ́ ìdáná ti kú. Fídíò wà nínú fóònù tó ti bàjẹ́ tipẹ́. Báńkì ní kó mú ìwé wá, kò síwèé. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn ọmọ ní ààbò. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ẹ̀ka 42, kò gbà kí wọ́n fi ọ̀nà tí wọ́n gbà bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́ ẹ̀. Ìyá ni wàhálà bá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má bínú: àṣà Yorùbá fúnra ẹ̀ kò ní kí opó jogún ọkọ ẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń jogún, yálà wọ́n pín in ní ìdí igi, ìyẹn ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan, tàbí ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀. Èmi ò rò pé ibẹ̀ yẹn dáa fún obìnrin tó bá ọkọ ẹ̀ ru ẹrù. Nítorí náà tọkọtaya tó bá jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí ìwé ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ara ṣì le.

Ìwé ìjọba ńkọ́? Ọ́fíìsì tó ń rí sí ìgbéyàwó ní ìjọba ìbílẹ̀ lẹ máa lọ. Wọ́n á lẹ orúkọ yín síta fún ọjọ́ 21. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ta kò ó, wọ́n á fún yín níwèé, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣègbéyàwó kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi orúkọ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ fẹ́ ṣe é, ẹ bi pásítọ̀ bóyá ìjọba fọwọ́ sí ilé ìjọsìn yẹn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí méjì wà yàtọ̀ sí pásítọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbọ́ èyí náà: ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ kò lè fẹ́ ìyàwó kejì lé e, ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, lẹ́yìn yìgì, ẹ bẹ Ìmáàmù kó kọ orúkọ ẹni tó fọmọ fọ́kọ, iye sàdáàkì àti orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Ti ìdáná ńkọ́? Ìwé ẹrù ìdáná tí ilé ìyàwó kọ fún ilé ọkọ, tá a máa ń fi ra ọjà tán ká tó jù ú nù, ẹ má jù ú nù mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sẹ́yìn ẹ̀, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni márùn-ún láti ilé méjèèjì, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan lọ sílé. Kí ẹnìkan wá láti ilé ọkọ, ì báà jẹ́ àbúrò kan ṣoṣo, ẹ dáwó ọkọ̀ fún un. Owó alága méjì tó lọ́wọ́ nínú á gbé e. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá sì rọrùn, ẹ mú ìyàwó délé ọkọ, kí àwọn ìyàwó ilé bu omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé.

Ìyá kan ti bi mí ní ìkọ̀kọ̀ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé táwọn ti ṣe ìdáná, ṣé kò ti pẹ́ jù láti lọ gbàwé? Kò pẹ́ o, mà. Ọkọ yín lè bá ẹ̀yin kan náà lọ, òfin kò dí i, tí kò bá ti ní ìyàwó míì. Ẹ jọ lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ọjà tó kún.